Ọ̀bẹ Àpò Àtijọ́ àti Ìtàn Tí Ó Wà Lára Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé àwọn àgbàlagbà ènìyàn, ọlọ́gbọ́n àti olóye, ní Ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì, a máa rìn láti ọjà dé ọjà kí wọn kí ó lè ra ọ̀bẹ kékeré tí ó ti gbó, tí kì í sì í ṣe láti fi bẹ ọsàn tàbí láti fi gé iṣu, bí kò ṣe láti tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín. Ó lè wí pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, tàbí pé owó ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwa pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa tí ó yí èrò wa padà, a ó sì sọ ọ́ nígbà tí a bá dé àyè rẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ nísinsìnyí ni láti fi han ẹ̀yin òǹkàwé wa ohun tí ọ̀bẹ àpò jẹ́, ibi tí ó ti wá, bí a ti í mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn Yorùbá bìkítà fún un.

Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí a lè ṣẹ́ ojú rẹ̀ po wọ inú èkù, tí a sì lè fi sínú àpò láìsí pé ó gún ẹni. Àwọn baba wa wí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀bẹ, ọ̀bẹ àpò ni èkù ti di akọ̀ fún. Ohun mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀: ojú tí ń gé nǹkan, èkù tí a fi eegun, ìwo, igi tàbí ohun mìíràn bò, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀yìn tí ń tẹ̀ tí ó sì ń fò padà sí ipò rẹ̀. Irin ẹ̀yìn yìí ni kì í jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ ṣẹ́ padà bá ọwọ́ ẹni tí ń lò ó.

Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun titun. Ní Hallstatt, ní ilẹ̀ Ọ́stríà, a rí ọ̀kan tí èkù rẹ̀ jẹ́ eegun, tí a ti ṣe ní nǹkan bí ọdún 500 sí 600 kí a tó bí Olúwa wa. Àwọn ará Romu pẹ̀lú mọ̀ ọ́n ṣe; ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn, tí a fi fàdákà ṣe, tí ṣíbí àti fọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ojú ọ̀bẹ, wà ní ilé ohun àtijọ́ Fitzwilliam ní Cambridge títí di òní. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìyẹ́ ẹyẹ ni àwọn akọ̀wé fi ń kọ̀wé, olúkúlùkù wọn ni ó ní ọ̀bẹ kékeré tí ó fi ń gbẹ́ ẹnu ìyẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ń ka Bíbélì ó rántí pé ọ̀bẹ akọ̀wé ni Jèhóíákímù ọba mú, tí ó fi gé ìwé wòlíì Jeremáyà wẹ́wẹ́, tí ó sì dà á sínú iná. Ọ̀bẹ tí a ṣe láti ran ìwé lọ́wọ́ ni ó fi pa ìwé run. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà sí ọ̀ràn bí a ti í pa ohun tí a kọ sílẹ̀ rẹ́.

Ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nípa iṣẹ́ yìí ni Sheffield, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ti dárúkọ ọ̀bẹ Sheffield nínú ìwé rẹ̀, nígbà tí ó ń sọ ohun tí ọlọ́lọ kan gbé sára. Ní ọdún 1624, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi òfin dá Ẹgbẹ́ Àwọn Alágbẹ̀dẹ Ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Hallamshire, èyí tí í ṣe agbègbè Sheffield. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń pín àmì fún olúkúlùkù alágbẹ̀dẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi iṣẹ́ búburú sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1740, Benjamin Huntsman, ẹni tí ń ṣe agogo, ń wá irin tí ó dára fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí ó fi ṣàn bí omi, nípa bẹ́ẹ̀ líle irin náà sì dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú kọ̀ ọ́ ní àkọ́kọ́, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ méjì ni àwọn tí ń kó ọ̀bẹ jọ fẹ́ràn jù nínú ti Sheffield. Èkíní ni Joseph Rodgers, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀ àti àgbélébùú, àmì tí a ti kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1682. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó ṣe ọ̀bẹ ńlá olójú 75 fún Ìpàtẹ ńlá ti ọdún 1851 ní Lọ́ńdọ́nù. Èkejì ni George Wostenholm, tí àmì rẹ̀ jẹ́ I*XL. Bí a bá ka lẹ́tà wọ̀nyí jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ wọn ni pé, “Mo tayọ.” Amẹ́ríkà ni ó ti ta ọjà jù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán ọ̀bẹ wọ̀nyí mú wa gbàgbé àwọn tí ó ṣe wọ́n. Ẹnì kan ni ń rọ ojú ọ̀bẹ, ẹlòmíràn ni ń pọ́n ọn lórí òkúta yíyí, ẹlòmíràn ni ń dì í mọ́ èkù. Àwọn tí ń pọ́n ọn ni ìyà jẹ jù. Eruku òkúta àti ti irin a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì dàgbà kí ó tó kú. Ọ̀bẹ tí ó tutù lọ́wọ́ wa lónìí, ẹ̀mí ènìyàn ni a fi pọ́n òmíràn nínú wọn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn wá? Alàgbà Samuel Johnson, Àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì kú ní ọdún 1901. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní Ìlú Ọba, arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Nínú ìwé náà ni ó ti sọ fún wa pé, kí òwò Òyìnbó tó dé, ohun gbogbo tí a fi irin ṣe, láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́, àwọn baba wa ni ó ń ṣe é fúnra wọn. Ó sì wí pé ní ìgbà tirẹ̀, ọjà Òyìnbó, pàápàá jù lọ ọ̀bẹ, ti ń lé ti ilé kúrò, nítorí pé ó dán, owó rẹ̀ sì kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lálòpẹ́ bí ti ilé. Nítorí náà, ọ̀bẹ àpò ará Sheffield tàbí ará Jámánì tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà, ẹlẹ́rìí ni fún ìyípadà tí Johnson fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ti í mọ ọjọ́ orí ọ̀bẹ. Ìdí ojú ọ̀bẹ, níbi tí ó ti wọ inú èkù, ni a máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Lọ́nà kìíní, kí a wò bóyá orúkọ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 1890, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ilẹ̀ tí a ti ṣe ọjà sí ara ọjà tí ó bá wọlé láti òkèèrè. Nítorí náà, bí a bá rí “England” tàbí “Germany” lára ọ̀bẹ, bí ó ti sábà máa ń rí, ó ti di ẹ̀yìn ọdún 1890 kí a tó ṣe é.

Lọ́nà kejì, kí a wò bóyá a dárúkọ ọba. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta ọ̀bẹ fún ààfin a máa kọ pé, alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ti “Her Majesty” tàbí ti “His Majesty” ni àwọn. Èkíní, ti ọba obìnrin ni: ó lè jẹ́ ìgbà Victoria, láti ọdún 1837 dé 1901, tàbí ìgbà Elizabeth Kejì, láti ọdún 1952 dé 2022. Èkejì, ti ọba ọkùnrin ni. Bí ọ̀bẹ náà bá sì ti gbó, ó lè jẹ́ ti àárín ọdún 1901 sí 1952, tàbí ti ìgbà tí Victoria kò tíì jọba.

Lọ́nà kẹta, kí a wo irin. Ní ọdún 1913 ni Harry Brearley ṣe irin tí kì í dípẹtà ní Sheffield. Ọ̀bẹ tí a bá tẹ “stainless” sí lára kò lè dàgbà ju ọdún náà lọ, ohunkóhun tí ẹni tí ń tà á ìbáà sọ. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sára: ọ̀bẹ tí ń dípẹtà kò fi dandan jẹ́ ti àtijọ́, nítorí a kò dẹ́kun àti máa ṣe irú irin bẹ́ẹ̀.

Lọ́nà kẹrin, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní àmì ti ara wọn. Ilé iṣẹ́ Case ní Bradford, ní Pennsylvania, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́wàá sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1970. Ọdọọdún ni ó ń yọ ọ̀kan kúrò, títí ó fi ku ẹyọ kan ní ọdún 1979. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ọdún tí a ṣe ọ̀bẹ náà gan-an. Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀bẹ onígi rẹ̀ ní Savoie, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1890. Ṣùgbọ́n ọdún 1955 ni a fi òrùka irin tí ń yí, tí ó ń dè ojú ọ̀bẹ mọ́ ipò rẹ̀, kún un. Ọ̀bẹ àwọn ọmọ-ogun Swítsàlandì pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀: Karl Elsener dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ibach ní ọdún 1884, ó kó ọ̀bẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ní ọdún 1891, ní ọdún 1897 ni ó sì forúkọ ọ̀bẹ olójú púpọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sílẹ̀.

Nísinsìnyí ni a dé orí ọ̀rọ̀ tiwa. Bàbá wa, tí ó jẹ́ tíṣà, fi ọ̀bẹ àpò kan sílẹ̀ nígbà tí ó kú. Ojú méjì ni ó ní, èkù rẹ̀ sì jẹ́ eegun. Òun ni ó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa sọ pé bàbá àgbà ni ó ni ín, pé àlùfáà Òyìnbó kan ni ó fi ta á lọ́rẹ ní ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún un, nígbà tí Victoria ṣì wà lórí oyè. Àbúrò wa sọ pé rárá o, pé bàbá wa ni ó fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rà á ní Èkó. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ nìkan. Kò sí ìwé kan ní ilé wa tí ó sọ ìgbà tí bàbá àgbà gba ìgbàgbọ́, bí ọ̀bẹ yìí bá sì jẹ́ tirẹ̀, yóò jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù.

Àwa ni a gba ọ̀bẹ náà láti tún un ṣe, kí ó lè yẹ fún ìrántí. A fi iyanrìn kíkúnná àti eérú fọ̀ ọ́. Nígbà tí dúdú rẹ̀ kò tán, a fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán bí dígí. Inú wa dùn púpọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rẹ́ kan tí ó mọ̀ nípa ọ̀bẹ bi wá léèrè pé, “Alàgbà, kí ni a kọ sí ìdí rẹ̀?” A gbé e sún mọ́ fìtílà. A rí ibi tí lẹ́tà ti wà. A kò rí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìbá parí àríyànjiyàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọwọ́ wa ni a fi pa á rẹ́, a sì pe é ní ìtọ́jú. Irin rẹ̀ ń dípẹtà. Ṣùgbọ́n a ti sọ pé èyí kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí. Jèhóíákímù fi ìbínú pa ìwé run. Àwa fi ìfẹ́ pa tiwa run. Ohun tí ó bàjẹ́ kò yàtọ̀.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọ̀bẹ àtijọ́ nílé pé kí ó má ṣe ha á. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ó fi òróró díẹ̀ pa ojú rẹ̀ àti ibi tí ó ti ń ṣẹ́, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí kò ní ọ̀rinrin. Dúdú tí ó wà lára irin àtijọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìpáàrà pupa nìkan ni ọ̀tá. Kí ó má ṣe fi í pamọ́ sínú akọ̀ awọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí oògùn tí a fi ṣe awọ a máa jẹ irin. Bí èkù rẹ̀ bá jẹ́ ti sẹ́lúlọ́ìdì, kí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó kù, nítorí bí irú èkù bẹ́ẹ̀ bá ń gbó, a máa tú èéfín tí ń ba irin jẹ́, iná a sì máa tètè ràn mọ́ ọn.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn mìíràn wà tí kì í kó ti àtijọ́ jọ, bí kò ṣe ọ̀bẹ tí a fi ọwọ́ ṣe fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1970; Bob Loveless wà lára wọn. Ní ọdún 1976, Bill Moran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tí ń fi iná àti òòlù rọ irin, kí ọgbọ́n náà má baà kú. Owó iyebíye ni a ń san fún iṣẹ́ wọn. Nígbà tí a gbọ́ èyí, ìyàlẹ́nu kọ́ ni ó jẹ́ fún wa, bí kò ṣe ìbànújẹ́ díẹ̀. Nítorí kí ni alágbẹ̀dẹ Yorùbá ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí kò ṣe iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́? Ọdẹ a tọ̀ ọ́ lọ, a sọ bí ọ̀bẹ òun yóò ti gùn tó. Onílà a tọ̀ ọ́ lọ, a sọ bí abẹ òun yóò ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Òyìnbó kọ orúkọ ẹni tí ó rọ irin sára irin. Àwa kò kọ ọ́. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá kú, orúkọ rẹ̀ a kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi ìkìlọ̀ mẹ́ta kún un. Èkíní ni ti òfin. Ọ̀bẹ mìíràn wà tí èkù rẹ̀ jẹ́ eyín erin. Láti ọdún 1990 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi òfin de òwò eyín erin Áfíríkà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2018 sì le sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á tàbí kí ó kó o sọdá òkun láìbéèrè. Èkejì ni ti àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba. Níbẹ̀, ọ̀bẹ àpò tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ìdè, ni ènìyàn lè mú rìn láìṣe àlàyé. Èyí tí ń fò jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, àti nínú ilé pàápàá, èèwọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá ni ó ti sunkún ní Lọ́ńdọ́nù nítorí ọ̀bẹ. Kí ẹni tí ń kó ọ̀bẹ jọ ti àpótí rẹ̀ pa, kí ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ pé ohun ìtàn ni, kì í ṣe ohun ìjà. Ẹ̀kẹta ni ti ojúkòkòrò. Ẹni tí ó ní ọ̀bẹ ọgọ́rùn-ún tí kò sì mọ ìtàn ẹyọ kan, irin ni ó kó jọ. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan tí ó mọ ọwọ́ tí ó ti kọjá, ó ti ran ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ìparí, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ọ̀bẹ àtijọ́ bá wà nílé yín, ìbáà ṣe ti Sheffield, ìbáà ṣe ti alágbẹ̀dẹ àdúgbò, ẹ mú ìwé kékeré, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí i, ibi tí ó ti rí i, orúkọ ẹni tí ó rọ ọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí, àti ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nísinsìnyí tí wọ́n wà láàyè. Bí ìdílé bá ń jiyàn lórí rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Báyìí ni a ti ṣe ní tiwa: ọ̀bẹ bàbá wa wà nínú àpótí, ìwé kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n wí, ohun tí àbúrò wí, àti ohun tí àwa ṣe. A kò fi èyí tí ó kẹ́yìn pamọ́, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.